Màmá Ò Lè Gbẹ́sẹ̀ Wọ Báàtọ́ọ̀bù Mọ́: Ìbéèrè Yín Lórí Balùwẹ̀ àti Ṣáwà

Lẹ́tà nípa balùwẹ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tó dé ọwọ́ mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fún láyè jù, torí pé ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń béèrè ni ọ̀pọ̀ ilé ń bá yí báyìí: ara àwọn òbí ti yí padà, balùwẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n Púlọ́ńbà. Bódìjà àtijọ́ nílùú Ìbàdàn ni màmá wa ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún. Báàtọ́ọ̀bù tó wà ní balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. Funfun inú rẹ̀ ti ń ṣí, ojú ihò omi rẹ̀ ti dípẹtà. Màmá ti pé ẹni ọdún 78, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì lè gbé ẹsẹ̀ kọjá etí rẹ̀ mọ́ àfi tí ẹnìkan bá dì wọ́n mú. A fẹ́ yọ ọ́ ká fi ṣáwà síbẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la fẹ́ ṣe é fúnra wa nígbà tí mo bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, torí iye tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ju agbára wa lọ. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí la máa kọ́kọ́ ṣe? Ihò tí omi báàtọ́ọ̀bù ń gbà jáde, ṣé ó ṣeé lò fún ṣáwà? Ṣé a lè lẹ táìlì lé ilẹ̀ náà bó ṣe wà?

Àkọ́bí Màmá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àkọ́bí Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹni méjì tí ara wọn le, tí wọn kò sì kánjú, lè ṣe iṣẹ́ yìí kó dára. Iṣẹ́ iná nìkan ni mi ò ní gbà kí ẹ fọwọ́ ara yín kàn. Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná sí i, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kó fa wáyà rẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì rí i dájú pé wáyà tó wọlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní áàtì, ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó dúró sínú omi láìwọ bàtà kì í rí àyè fà sẹ́yìn tí iná bá gbé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Ẹnu ṣáwà tí ẹ máa rà lọ́jà ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Inú ilẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Ìkòkò ni báàtọ́ọ̀bù. Omi tó bọ́ sínú rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, kì í kan ìsàlẹ̀ ògiri, àfi kó gba ihò rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ìkòkò náà, ilẹ̀ àti ògiri yín ló di ìkòkò. Tí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, Màmá á lò ó títí. Tí ẹ bá lẹ táìlì lé ilẹ̀ bó ṣe wà, kò ní pẹ́ tí ọ̀dà ògiri yàrá kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, táá máa bó.

Nǹkan kan wà tí ẹ kò kọ sínú lẹ́tà yín. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, báàtọ́ọ̀bù kì í ṣe ibi ìwẹ̀ mọ́, àmù ni. Nígbà tí omi bá dé ni wọ́n á pọn ọ́n kún, òun ni wọ́n á máa bù wẹ̀, òun náà ni wọ́n á máa bù da ilé ìgbẹ́. Omi inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dúrọ́ọ̀mù kan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń lò ó, ẹ wá ibi tí omi yẹn á máa wà kí ẹ tó gbé òòlù. Mo ti rí ilé tí wọ́n ṣe ṣáwà tó rẹwà, tí wọ́n wá to kẹ́ẹ̀gì kún inú rẹ̀ torí kò síbòmíì tí omi lè wà. Àgbàlagbà ò yẹ kó máa wá ọ̀nà kọjá láàárín kẹ́ẹ̀gì.

Ó yá, ẹ ti omi pa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáàfù tó ti pẹ́. Ẹ tì í, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù nínú ilé, kí ẹ dúró wò ó. Tí omi ò bá dá, ẹ pààrọ̀ fáàfù yẹn ṣáájú ohunkóhun. Bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù irin ló wà nínú ògiri yín, irú èyí tí wọ́n ń lò kí páìpù oníke tó gbòde. Inú rẹ̀ á ti fún nítorí ìpẹtà, á sì máa tètè ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti yí ẹnu rẹ̀ mọ́ra. Sípánà méjì ni kí ẹ fi tú u: ọ̀kan á di páìpù mú, èkejì á máa yí. Ẹni tó bá fi sípánà kan ṣoṣo tú u lè ṣẹ́ ẹ sínú ògiri. Tí ẹ bá rí i pé gbogbo rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà wá fi ọjọ́ kan fa páìpù tuntun, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ̀ pọ̀. Owó tó yẹ kí ẹ ná nìyẹn, torí pé lẹ́yìn táìlì ni páìpù náà máa wà.

Báàtọ́ọ̀bù wá kàn. Ẹ fi òòfà wò ó, kódà èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ á ṣe é. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, oníke ni. Tó bá lẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré gbá a. Irin pẹlẹbẹ á dún gbaangan, ẹni méjì lè gbé e. Irin dídà á dún kùù, ohùn rẹ̀ kì í jáde, òun ni mo sì rò pé ó wà ní ilé yín. Ó lè tó kílò 110 sí 160. Ẹ ò ní lè dá gbé e, ẹ má sì dán an wò.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, kí wọ́n lẹ táìlì mọ́ búlọ́ọ̀kù náà. Ẹ kọ́kọ́ wó ògiri kékeré yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì ṣí ìlà táìlì kan tó wà lókè etí báàtọ́ọ̀bù, nítorí wọ́n sábà máa ń ki etí náà bọ ara ògiri. Ẹ gé páìpù tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayùn irin. Tí ẹnu ọ̀nà bá gbà á, ẹ pe ọkùnrin mẹ́rin, kí ẹ gbé e dúró lórí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, kí ẹ sì rọra gbé e jáde. Tí kò bá gbà á, ó di kí ẹ fọ́ ọ. Ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn bò ó, kí ẹ wọ awò ojú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ wá fi hámà ńlá lu etí rẹ̀ wọnú. Funfun tí wọ́n fi bo irin náà máa ń fò bí wọ́n bá ti lù ú, ó sì ń gé ara. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé kankan wà nítòsí. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò á fowó kó o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní àwọn ń bá yín palẹ̀ mọ́ lásán.

Ẹ béèrè nípa ihò omi. Ẹ má lo ti àtijọ́. Páìpù tó ń gbé omi báàtọ́ọ̀bù jáde sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì kan àbọ̀, ó sì tó o, torí tí omi ò bá tètè lọ, inú báàtọ́ọ̀bù náà ló máa dúró sí. Omi ṣáwà ò ní ibi tó máa dúró sí. Ínǹṣì 2 ni kí ẹ fi sí i, kí páìpù náà sì máa lọ sísàlẹ̀ ní ìdámẹ́rin ínǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé ṣáńbà tó wà níta, ìyẹn ihò tí wọ́n mọ sí ilẹ̀ tí àwọn páìpù omi ìdọ̀tí ti ń pàdé. Kí tíráàpù wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ibi tí páìpù ti kọ́rùn tí omi fi ń dúró sínú rẹ̀ láti dí òórùn sókáwéè. Kí omi tó ń dúró níbẹ̀ jìn tó ínǹṣì 2. Ẹ tún ra ideri oníhò tó ṣeé ṣí. Kànìnkànìn tiwa yìí máa ń já wẹ́wẹ́, fọ́nrán rẹ̀ á lọ́ mọ́ irun àti ọṣẹ dúdú, ibẹ̀ ni páìpù ti ń dí. Kí ẹ tó da kọnkéré bo ohunkóhun, ẹ da odidi bókẹ́ẹ̀tì omi kan sínú páìpù náà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ gbé e mì láìpọ̀ ọ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yọ báàtọ́ọ̀bù, ẹ lè bá iyẹ̀pẹ̀ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lábẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ bíríkìlà ìgbà yẹn ò fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ibi tí ojú ò ní rí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ gún ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ẹ da kọnkéré sí i. Orí kọnkéré yìí ni ìdagẹ̀rẹ̀ máa wà: sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Àyè tí báàtọ́ọ̀bù fi sílẹ̀ á gùn tó mítà kan àbọ̀, nítorí náà tí ihò omi bá wà ní ìpẹ̀kun kan, ìpẹ̀kun kejì gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 3 ga jù ú lọ. Tó bá dín sí i, omi á máa dúró, ilẹ̀ á máa yọ̀. Tó bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ Màmá ò ní rí ibi dúró ṣinṣin.

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ lo rọ́bà tí inú rẹ̀ hàn, tí ẹ ti bu omi sí, bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe. Ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu kan ló máa dúró sí ní ẹnu kejì. Ẹ fi í fa ìlà tó tẹ́jú yí gbogbo ògiri ká. Tí ìlà yẹn bá jìn sí ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 100 ní ìpẹ̀kun tó ga jù, kó jẹ́ 103 níbi ihò omi. Nítorí pé Màmá ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kọjá ohunkóhun, ẹ má mọ etí yí ṣáwà náà ká. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ tó kù náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ihò omi, kí ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ ibi tó ga jù. Ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta, kí omi má pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kó má baà sán, kí ẹ wá jẹ́ kó gbẹ.

Táìlì kì í dènà omi. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́ ọ. Omi ń gba àárín táìlì wọlé, yálà wáìtì sìmẹ́ǹtì lẹ fi dí i tàbí èyí tó wọ́n jù lọ́jà. Ohun tó ń dènà omi ni èyí tí ẹ máa kùn sí ilẹ̀ àti ògiri kí ẹ tó lẹ táìlì: ẹ lọ ra wọtapúrúùfù onísìmẹ́ǹtì, èyí tí wọ́n ń pò pẹ̀lú omi rẹ̀. Ẹ má lo ọ̀dà dúdú irú ti títì, sìmẹ́ǹtì táìlì kì í dì mọ́ ọn dáadáa. Ẹ lẹ aṣọ rẹ̀ tó dà bí àwọ̀n mọ́ gbogbo igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri àti ẹ̀gbẹ́ ihò omi, torí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sán. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ sókè, kó gbẹ, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kó gun ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 6 níbi tí omi ṣáwà á máa lù, kó sì gùn tó ínǹṣì 6 ní gbogbo ògiri tó kù.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ dán an wò. Ẹ fi àkísà tí ẹ wé sínú ọ̀rá dí ihò omi pinpin, kí ẹ to ọ̀rá tí ẹ rọ yanrìn sí di ẹnu ọ̀nà, kí ẹ bu omi sí ilẹ̀ náà títí ó fi jìn, kí ẹ wá fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dé lára ògiri. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ fọwọ́ kan ògiri yàrá kejì, ẹ wo ìta. Tí omi náà bá wà níbi tí ẹ sàmì sí, tí ibi gbogbo sì gbẹ, ẹ lè wá lẹ táìlì. Tó bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ wá ojú ibi tó ń gbà lọ, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì tún un dán wò. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe èyí nítorí pé ó ń gba odidi ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é fún ìyá yín, ẹ má fò ó.

Táìlì kéékèèké ni kí ẹ rà fún ilẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ kò dán. Àwọn táìlì ńlá tó ń dán bí dígí tí gbogbo ayé ń lẹ̀ sí pálọ̀ báyìí, ẹ má mú wọn dé ibi tí omi àti ọṣẹ ti ń pàdé. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń yọ̀, wọn ò ṣeé tẹ̀ wọ ìdagẹ̀rẹ̀ tó ń wá láti ọ̀nà mẹ́rin. Kékeré á tẹ̀lé ilẹ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ tó pọ̀ á sì di àtẹ́lẹsẹ̀ mú.

Ó wá ku Màmá fúnra wọn. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ìdáhùn wọn: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú bókẹ́ẹ̀tì, igbá kékeré, àti ìjókòó. Kò sídìí tí ṣáwà fi gbọ́dọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀rọ kan sí ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí ilẹ̀, tí bókẹ́ẹ̀tì á lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ra ṣáwà olókùn tó ṣeé mú lọ́wọ́, tí wọ́n á lè fà mọ́ra láti orí ìjókòó. Ẹ fi ibi tí wọ́n á ti máa ṣí i sí ẹ̀gbẹ́, kí omi tútù má baà bọ́ lé wọn lórí kó tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù mọ ìjókòó síbẹ̀, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48, kí orí rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi má dúró síbẹ̀. Ìjókòó oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ ò ní í wọ balùwẹ̀ yẹn o.

Irin ìdìmú ńkọ́? Ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ọ̀kan níbi tí wọ́n ń gbà wọlé, kí méjèèjì ga tó sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90. Búlọ́ọ̀kù wa sábà máa ń ní ihò nínú. Síkírúù tó bá wọ ojú ihò yẹn ò ní lè gbé èèyàn. Ẹ kan ògiri gbọ́ kí ẹ tó lẹ táìlì, kí ẹ la ojú ihò tó wà níbi tí irin máa wà, kí ẹ rọ kọnkéré kún un, kí ẹ sì rì bóòtù sínú rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, kí àbúrò yín tó tóbi jù fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin náà. Irin tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́ ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín ní irin ìdìmú.

Ẹ yí ilẹ̀kùn padà kó máa ṣí síta. Tí àgbàlagbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ gan-an ló máa ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣí láti ìta ni kí ẹ fi sí i pẹ̀lú. Bí ẹ bá ní owó nǹkan kan ṣoṣo lẹ́yìn ilẹ̀, ilẹ̀kùn yìí ni kí ẹ ná an sí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, a yọ báàtọ́ọ̀bù wa, a sì ra ṣáwà olówó ńlá tí ojú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, èyí tó wá láti òkè òkun. Omi rẹ̀ kàn ń kán tó, tó, tó ni. Tánkì wa wà lórí irin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Wọ́n ní ká lọ ra pọ́ǹpù. Ṣé ká rà á?

Baálé ilé kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ẹ ní sùúrù ná pẹ̀lú owó pọ́ǹpù. Gíga tánkì ló ń fún omi lágbára. Mítà kọ̀ọ̀kan tí omi inú tánkì bá fi ga ju ẹnu ṣáwà lọ ń fún un ní ìdámẹ́wàá báà kan (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ mítà 3, ṣùgbọ́n ẹnu ṣáwà yín fúnra rẹ̀ ti wà ní nǹkan bí mítà 2 sí ilẹ̀ balùwẹ̀, ilẹ̀ balùwẹ̀ náà sì ga ju ilẹ̀ àgbàlá lọ. Nígbà tí omi bá ti sún mọ́ ìsàlẹ̀ tánkì, ohun tó kù láàárín àwọn méjèèjì lè má tó mítà kan. Ọ̀pọ̀ ṣáwà tí wọ́n ń ṣe fún ìlú tí omi ìjọba ń tì wá pẹ̀lú agbára ń fẹ́ báà 1, ìyẹn mítà 10. Ṣáwà yín ò bàjẹ́. Ilé mìíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ kọ́kọ́ tú ẹnu rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ oníke kékeré kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi sí i láti dín omi kù, àti asẹ́ tó lè ti kún fún iyanrìn. Ẹ yọ àkọ́kọ́, kí ẹ fọ èkejì. Tí kò bá yí padà, ẹ ra ẹnu ṣáwà kékeré tí wọ́n kọ sí lára pé ó wà fún omi tí kò lágbára. Ẹ wo páìpù náà: kó jẹ́ ínǹṣì 1 láti tánkì, kó má di ìdajì ínǹṣì àfi nígbà tó bá dé balùwẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má sì pọ̀. Lẹ́yìn èyí, tí agbára bá wà, ẹ gbé tánkì sókè sí i, kí oníṣẹ́ irin yẹ ìdúró rẹ̀ wò dáadáa, nítorí tánkì oní lítà 1,000 tó bá kún wúwo ju kílò 1,000 lọ. Pọ́ǹpù ni kó gbẹ̀yìn. Nígbà tí iná bá lọ, kò sí pọ́ǹpù mọ́, ṣùgbọ́n tánkì tó ga ò mọ̀ pé iná lọ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù la wà. Balùwẹ̀ wa wà lókè, ilẹ̀ pákó ni, ilé náà sì ti pẹ́. Ọkọ mi fẹ́ yọ báàtọ́ọ̀bù ní òpin ọ̀sẹ̀ kó fi ṣáwà oníná síbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyàwó ilé, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN

Ẹ ní kó ka èyí kó tó gbé irinṣẹ́. Àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ fúláàtì tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ gba àṣẹ olówó ilẹ̀ ná, nítorí omi tó bá já sí orí ará ìsàlẹ̀ lè di ẹjọ́. Èkejì, ní ilé tí wọ́n kọ́ tàbí tí wọ́n tún ṣe kí ọdún 2000 tó dé, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà nínú pátákó tó bo ẹ̀gbẹ́ báàtọ́ọ̀bù, nínú táìlì ilẹ̀ oníke tàbí nínú àjà. Ọdún 1999 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de èyí tó kù. Kó má fọ́ ọ, kó má lu ú. Kó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ná, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ní ti ilẹ̀ pákó, ohun tí mo sọ fún Àkọ́bí Màmá nípa kọnkéré ò kàn yín. Wọ́n ń ta tíréè ṣáwà, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tí èèyàn ń dúró sí wẹ̀, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 170, tó sì fẹ̀ ní 70, ó gba àyè báàtọ́ọ̀bù ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Kó ṣí pákó díẹ̀ kó wo ọ̀nà tí àwọn ìtì igi abẹ́ rẹ̀ gbà lọ. Tí wọ́n bá dábùú ọ̀nà páìpù, kó má gé wọn, àwọn ló gbé ilé yín dúró. Kó ra tíréè tó ní ẹsẹ̀, kí páìpù gba orí pákó. Pátákó ògiri lásán ò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn táìlì níbẹ̀, àfi èyí tí wọ́n ṣe fún ibi omi. Ṣáwà oníná ń gba iná tó tó kílówáàtì 8.5 sí 10.5, ó sì nílò wáyà tirẹ̀ láti ibi fíúsì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dé etí ìgbìmọ̀ ìlú nìyẹn, àfi tí oníṣẹ́ iná tó forúkọ sílẹ̀ bá ṣe é. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ò tó fún un. Bó bá sì jẹ́ báàtọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà nílé nìyẹn, tí ọmọ kékeré wà, ẹ rò ó dáadáa.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀wọ́, láti ìgbà tí a ti ṣe ṣáwà, òórùn sókáwéè ń wọlé, aáyán náà ń tibẹ̀ jáde. A ti da Izal títí, kò lọ.

Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Òògùn ò lè wo èyí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Tí ẹ ò bá rí omi tó dúró, ọ̀kan nínú ohun méjì ni: wọn ò fi tíráàpù sí i rárá, tàbí ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ da igbá omi kan sí i, kí ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ tún wò ó. Tí omi bá wà níbẹ̀, tí òórùn sì lọ, tíráàpù yín dára. Balùwẹ̀ tí ẹ kì í lò déédéé ni omi rẹ̀ ń gbẹ, ẹ máa da igbá omi kan sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ihò náà bá gbẹ padà, kò sí tíráàpù níbẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ṣe é padà kó wá tú táìlì mẹ́rin yí ihò náà ká, kó fi tíráàpù sí i, kó sì kun wọtapúrúùfù padà kó tó lẹ̀ ẹ́.